Ilé Yá: Ìrìn-àjò Ọjọ́ Méjì láti Èkó sí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni iye ọjọ́ tí onílé yóò lò bí ó bá délé. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí ilé baba wa sì wà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn àgbà ilé ń bínú pé ọmọ ayé òde òní kò mọ ilé í gbé mọ́: ó dé ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, bí ẹni tí ó wá fọn iná ní ilé aládùúgbò. Wọ́n ní ní ìgbà tiwọn, ẹni tí ó bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ a wá sílé fún odidi oṣù kan, a bá wọn re oko, a bá wọn jókòó sí ìpàdé ẹbí, kí ó tó padà. Mo fẹ́ fi ìtàn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ó dá mi lójú pé ìsinmi olóṣù kan tí àwọn àgbà ń yìn ni ó jẹ́ àlejò láàárín wa, àti pé ìrìn-àjò ọjọ́ méjì tí wọ́n ń bú ni ó sún mọ́ ìṣe àwọn baba ńlá wa jù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí bí Yorùbá ti ń ka ọjọ́. Kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tó dé, ọrùn ni a fi ń ṣe ìṣirò. Bí òyìnbó bá kà á, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò rí. Ṣùgbọ́n àwa ń ka ọjọ́ tí a dúró lé mọ́ ọn, ó sì di márùn-ún. Lórí ọrùn ni ọjọ́ ọjà dúró, lórí rẹ̀ náà ni ọjọ́ òrìṣà dúró. Babaláwo kì í dúró di ọdún kan kí ó tó bi Ifá léèrè: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí ó máa dífá ní ọrọọrún. Àgbẹ̀ tí ó ń sùn ní abà kì í fi ilé sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí ọjọ́ ọjà bá kò, a ru ẹrù rẹ̀ wálé, a rí ojú ará, a sì padà sí oko. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, bí a ti máa ń wí, àbọ̀ náà kì í sì í pẹ́ kí ó tó tún dé.

Ní agbègbè tiwa, ọ̀sà ni ó jẹ́ títì. Ẹrù oko láti Rẹ́mọ a sọ̀kalẹ̀ wá sí Ìkòròdú, a sì wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Iyọ̀ àti aṣọ a gba ibẹ̀ gòkè. Níhà Ẹ̀pẹ́, ọjà Èjìnrìn lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò Èkó fi ń tukọ̀ lọ bá a ní ọjọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń padà bí ọjà bá ti tú. Ìlọ àti àbọ̀ kúkúrú, tí a ń tún ṣe léraléra, ni ó so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀.

Ta ni ó wá sọ àbọ̀ kúkúrú di èyí tí ó ṣọ̀wọ́n? Ogun ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọdún 1854 ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé òun kò ní du Èkó mọ́. Ọdún 1862 ni ó tó padà sílé. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: nǹkan bí ọdún 10 ni àwọn ènìyàn fi ń wo omi tí ó lọ sí ilé baba wọn, wọn kò sì lè tukọ̀ lọ kí wọ́n sùn ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n padà, àwọn tí Òṣòdì Tápà ṣáájú kọ́ àgbolé 21 sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó títí di òní. Àwọn mìíràn kò padà mọ́. Àwọn ni Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń bá Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ gbé. Báyìí ni ilé kan ṣe di méjì. Ọdún Káyókáyọ̀, tí Èkó Ẹ̀pẹ́ ń ṣe lẹ́yìn Iléyá láti rántí ìgbà tí Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀, ni ó ń pe ẹbí jọ. Kí a yó, kí a sì yọ̀, ni orúkọ náà wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn rẹ̀ mọ̀ pé àwọn tí a lé kúrò nílé ni ó dá a sílẹ̀.

Ìkòròdú náà jẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1865 àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, kí Glover, aláṣẹ Èkó, tó rán ọmọ ogun lọ tú wọn ká ní oṣù Kẹta. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ pé òun ń lọ wo ìyá òun, òun yóò sì dé lọ́la? Ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ lọ ja Ìjẹ̀bú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892 ni ọ̀nà òkè tó ṣí sílẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, ọ́fíìsì ni ó dé. Àwọn oníwàásù ìjọ C.M.S. ti mú ọjọ́ Ìsinmi wá sí Èkó láti ọdún 1852. Ààbọ̀ ọjọ́ Sátidé ní ìtàn tirẹ̀: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1850 ni ó pàṣẹ pé kí àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ jáde ní agogo méjì ọ̀sán Sátidé. Ìsinmi gígùn náà ní ti rẹ̀. Àwọn òyìnbó aláṣẹ a máa ṣiṣẹ́ níhìn-ín fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a sì lọ lo oṣù mélòó kan ní ilẹ̀ wọn, nítorí òkun jìn. Láti ọwọ́ wọn ni àwọn akọ̀wé wa ti kọ́ ìsinmi ọdọọdún. Ní ilẹ̀ Faransé pàápàá, ọdún 1936 ni òfin tó fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì tí a ó san owó rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà wa ń pè ní àṣà kò tíì pẹ́ láyé. Ó sì bá ìgbà wọn mu, n kò jiyàn: akọ̀wé tí ó bá ṣíwọ́ ní ọ̀sán Sátidé tí ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́, orí omi ni ilẹ̀ yóò ṣú u sí. Kí ni ó kù fún un bí kò ṣe pé kí ó kó gbogbo ọjọ́ rẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ọ̀nà mọ́tò ni ó yí i padà. Kí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní ọdún 1978, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń lọ Ìbàdàn ni ó ń gba Ìkòròdú àti Ṣágámù kọjá. Afárá Kẹta ṣí ní ọdún 1990. Ọkọ̀ BRT sì dé Ìkòròdú ní ọdún 2015. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò jẹ́ kí a gbádùn ọ̀nà wọ̀nyí tó, síbẹ̀ a lè sùn nílé ní Sátidé kí a sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Bákan náà ni ó rí níbòmíràn. Àwọn ará Munich ní Jámánì, tí òkè Alps kò jìnnà sí wọn, a máa jáde ní àárọ̀ Sátidé lọ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ lórí yìnyín, wọn a sì padà kí ọ̀sẹ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti súnmọ́, ìsinmi a kúrú, a sì pọ̀ sí i.

Mo ní ìdí tèmi tí mo fi ń sọ èyí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jẹ́ ọmọ rere lójú àwọn àgbà: Iléyá nìkan ni mo ń dé Ẹ̀pẹ́, n óò sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni èmi àti ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àlàáfíà ni ó sì máa ń jẹ́. Ní ọdún kan mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì ń wo ògiri. Ìgbà tí mo ní "Ẹ kú ilé, mà" ni wọ́n tó yíjú sí mi. Wọ́n ní ojú ti ń ṣú wọn láti oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ìsinmi mi kò jìnnà mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ da iṣẹ́ mi rú fún? Dókítà sọ fún wa pé èyí tí ó ti lọ kò lè padà, kí a sáà gbìyànjú láti dá èyí tí ó kù dúró. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń lọ. N kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá àtẹ̀lẹ̀ bá yí padà lọ́wọ́ ìyá mi, mo ń mọ̀.

Síbẹ̀, àwọn àgbà kò ṣìnà pátápátá. Ọjọ́ méjì kò tó láti mọ ààlà ilẹ̀ ẹbí, kò tó láti parí ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ọdún ìlú kì í sì í wo kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì: ẹni tí yóò bá wọn ṣe Mágbó ní Ìkòròdú, ọjọ́ tí ìlú bá dá ni yóò bá, ì báà bọ́ sí ààrin ọ̀sẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé òkú ṣíṣe àti ìyàwó gbígbé ti jẹ Sátidé wa tán. Ẹni tí ó wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ sí abẹ́ àtíbàbà, tí ó jẹun, tí ó sì ti ibẹ̀ gba Èkó lọ, kò tíì dé ilé, bí ó tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 20 lọ́dún.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá lè rí oṣù kan fún ilé, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí oṣù kan tí ń bọ̀ jẹ́ àwáwí fún Sátidé tí ó wà lọ́wọ́. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ìgbà n nì ìbá fi ohun púpọ̀ gba òru kan péré nílé. Orúkọ tí àwọn baba wa fún ọdún ńlá náà ti tó ìkìlọ̀ fún wa. Wọn kò pè é ní Ilé-di-ọdún-tí-ń-bọ̀. Iléyá ni wọ́n pè é.