Bí Ẹyẹ Kan Ti Di Ẹ̀yà Púpọ̀

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1835, ọkọ̀ Beagle gúnlẹ̀ sí àwọn erékùṣù Galápagos, nínú Òkun Pàsífíìkì, ní nǹkan bí 600 máìlì sí ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Ẹ̀kùádọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Darwin, wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó fi kó òkúta, ewéko àti ẹranko jọ. Ó mú àwọn ẹyẹ kéékèèké kan tí ó jọ ológoṣẹ́, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ erékùṣù tí ó ti mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1837, John Gould, amòye nípa ẹyẹ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, yẹ̀ wọ́n wò, ó sì ní ìbátan ni wọ́n, bí àgógó wọn tilẹ̀ yàtọ̀ sí ara wọn gidigidi. Nígbà náà ni Darwin ní láti wo ẹyẹ tí àwọn ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ náà mú, tí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti rí i sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé: ohun tí a kò kọ sílẹ̀ lónìí ni a ó máa wá kiri lọ́la.

Báwo ni ìran kan ṣe ń di ẹ̀yà púpọ̀? Ohun mẹ́ta ni a ó sọ.

Èkínní ni ìyapa. Ẹyẹ díẹ̀ ti fò wá láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún sẹ́yìn. Òkun là wọ́n níyà, àwọn ti erékùṣù kan kì í sì í sábà bá ti èkejì gùn.

Èkejì ni èèṣì. Bí a bá bu ìkúnwọ́ kan nínú agbọ̀n tí àgbàdo funfun àti pupa dà pọ̀ sí, funfun lè pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, kì í ṣe nítorí pé ó dára ju pupa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn díẹ̀ tí ó dé ilẹ̀ tuntun kì í kó gbogbo ohun ìní ìran wọn dání. Níbi tí wọn kò bá sì pọ̀, ikú ẹyọ kan lè yí ìran náà padà.

Ẹ̀kẹta ni àṣàyàn, a sì ti fi ojú rí i. Ní ọdún 1973 ni Peter àti Rosemary Grant, tọkọtaya, bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí erékùṣù Daphne Major. Nǹkan bí ogójì ọdún ni wọ́n fi ń wọn àgógó ẹyẹ. Ní ọdún 1977 òjò kọ̀. Wóró kéékèèké tán. Èyí tí ó le koko ni ó kù. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹyẹ ẹ̀yà kan, nǹkan bí 15 ni ó là á já, àwọn alágògó nínípọn ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe pé àgógó ẹyẹ kan nípọn sí i. Àwọn tí tiwọn kéré ni ó kú jù. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn náà jogún àgógó nínípọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò ńlá ọdún 1983, wóró kéékèèké gbòde, ó sì wá yí padà: àwọn kéékèèké ni ó rọ́wọ́ mú.

Ní ọdún 1981, akọ àjèjì kan dé Daphne láti Española, tí ó jìnnà ju 60 máìlì lọ. Ó bá abo ìbílẹ̀ gùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ orin rẹ̀, èyí tí àwọn ẹyẹ ìbílẹ̀ kò mọ̀. Nígbà ọ̀dá ọdún 2003 sí 2005, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì péré, akọ kan àti abo kan, ni ó kù nínú ìdílé náà. Àwọn méjèèjì bímọ, ìran wọn sì ń bá ara wọn nìkan gùn. Orin ni ó di òkun láàárín wọn àti àwọn aládùúgbò wọn.

Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Sùúrù ogójì ọdún ni ó fi èyí hàn wá.