Ìròyìn Yàjóyàjó àti Ẹnu Ààfin

Ní Másífà, ìlú tí kò jìnnà sí Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí ọ̀rọ̀ ńlá kan bá ń jà ràn-ìn nílẹ̀, ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbàlagbà máa ń bi ẹni tí ó gbé e wá: “Ṣé rédíò ti sọ ọ́?” Kì í ṣe pé wọn kò ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà gbọ́. Ọmọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti pọ̀ ní Abidjan láti ìgbà àwọn baba wọn, èdè Faransé kò sì jẹ́ àjèjì lọ́jà wọn. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ọ̀rọ̀ ilé ni ó jẹ́ fún wọn. Ẹnu àlejò, ẹnu awakọ̀, ẹnu ẹni tí ó tẹni láago, gbogbo rẹ̀ ni ó ń ròyìn. Ohun tí a ń retí láti Òṣogbo kì í ṣe kí a tún un sọ; kí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni.

Ẹrù tí ó wà lórí akọ̀ròyìn ilé iṣẹ́ kékeré nìyẹn. Ìròyìn yàjóyàjó ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀: iná tí ń jó lọ́wọ́, ọkọ̀ tí ó ṣubú lọ́nà Ìwó ní agogo méje àárọ̀, tí olóòtú fẹ́ kà ní agogo mẹ́jọ. Láàárín wákàtí kan yìí, kí ó rí ẹni tí ó ṣojú rẹ̀, kí ó rí ọlọ́pàá, kí ó ka òkú, kí ó má sì ka ẹni tí ó dákú mọ́ wọn. Ọmọ ìlú sì ni òun náà. Bí ó bá ṣìṣe nípa Èkó, yóò tọrọ àforíjì. Bí ó bá ṣìṣe nípa Èjìgbò, ìyá ẹnìkan tí ó mọ̀ ti lè figbe ọ̀fọ̀ ta.

Akéde tí í ṣe baba iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ ìkánjú yìí. Nígbà tí akéde bá fi máa lu agogo kiri ìlú, ọ̀rọ̀ náà ti ti ẹnu ọba jáde. Bí ó bá sì yí padà, ààfin ni yóò dáhùn. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 pàápàá, ọjọ́ 15 sí ara wọn ni ó ń jáde, 120 owó ẹyọ ni wọ́n sì ń tà á. Ohun tí ó bá fi dé ọwọ́ òǹkàwé ti tutù. Rédíò, àti tẹlifíṣàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ni ó mú un gbóná. Akọ̀ròyìn wá jogún agogo akéde, kò jogún ààfin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ilé-Ifẹ̀ ti ọdún 2015 ni ó fi èyí hàn jù lọ. Ní ìparí oṣù Keje ni àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé, tí ó ti wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1980, ti wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kíá ni ó ti gba orí fóònù gbogbo. Àwọn akọ̀ròyìn wọ́ lọ bá àwọn ìjòyè. Kí ni wọ́n gbọ́? Àwọn ìjòyè ní kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀, Kábíyèsí wà láàyè. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fi tó Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá létí ní Òṣogbo. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ni wọ́n sin ọba.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fi àwọn ìjòyè wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ikú ọba nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ìròyìn, iṣẹ́ ni. Ètùtù wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe, ọjà wà tí a gbọ́dọ̀ tì, ìlú wà tí a gbọ́dọ̀ sé, àwọn kan sì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ṣáájú àwọn mìíràn. A kì í tilẹ̀ pe orúkọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: a ní ọba wàjà, bí ẹni pé àjà ilé ni ó wọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ní kí ààfin dá òun lóhùn “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́”, èdè tí ààfin kò sọ ni ó ń sọ.

Àwọn oníròyìn pẹ̀lú kò lọ́wọ́ mímọ́ tó láti dá ààfin lẹ́bi. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989, wọ́n gbé ikú Dókítà Nnamdi Azikiwe ká gbogbo Nàìjíríà, baba náà sì wà láàyè. Òun gan-an, ẹni tí ó dá West African Pilot sílẹ̀ ní ọdún 1937! Ó tún lo ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ láyé. Ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1996 ni ó tó kú.

Kí ni ó wá yẹ kí ọmọ Másífà tí ó jókòó sí iyàrá ìròyìn kan ní Òṣogbo lọ́jọ́ náà ṣe? Bí ó bá dákẹ́, a ó ní ó sá fún òtítọ́ tí ayé ti gbọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá kéde, àwọn àgbà ilé rẹ̀ lè bi í pé ta ni ó rán an. Lójú tèmi, ìdákẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú fún un. Ohun ìtìjú ni kí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ìjòyè, kí ó sì kà á bí ẹni pé òun ni ó fojú rí ọba. “Ọọ̀ni kò kú” yàtọ̀ sí “Àwọn ìjòyè Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni kò kú.” Àgbàlagbà tí ó tẹ́tí sí rédíò ní Másífà gbọ́ ìyàtọ̀ náà kedere. Èkejì sọ fún un pé ààfin ti sọ̀rọ̀. Ó mọ bí ààfin ṣe ń sọ̀rọ̀, yóò sì túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èkíní gba ìtumọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2022, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní Adó-Èkìtì. Ní ọjọ́ kejì, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì gbé ọba lọ sí Bàrà lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì ti Ifẹ̀ ti di ọjọ́ kan. Ní Másífà, ẹni tí ó ń béèrè bóyá rédíò ti sọ ọ́, fóònù ti wà lọ́wọ́ òun náà báyìí.