Pọ́ùn, Dọ́là àti Ṣílè Tiwa

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1949, Sir Stafford Cripps, ẹni tí ìṣúra ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kéde lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì pé pọ́ùn kan, tí a ti ń fi gba dọ́là 4.03 ti Amẹ́ríkà, dọ́là 2.80 péré ni a ó máa fi gbà láti ìgbà náà lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣílè tí ó wà nínú àpò olùkọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta kò yàtọ̀ sí ti àná: ìwọ̀n rẹ̀ kò dín, àwòrán ara rẹ̀ kò sì parẹ́. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ náà bá fẹ́ ra ìwé kan tí a ń tà ní dọ́là 2.80 ní Amẹ́ríkà, ìwé tí nǹkan bí ṣílè 14 ìbá tó rà tẹ́lẹ̀, ó di ṣílè 20 gbáko. Ta ni ó mú ṣílè 6 náà lọ? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní àtijọ́, wúrà ni onídàájọ́ láàrin owó méjèèjì. Àwọn tí ń rọ owó a máa fi ìwọ̀n kékeré kan wọn wúrà, tí a fi wóró ọkà bálì sọ lórúkọ. Ògidì wúrà tí ó wà nínú pọ́ùn kan jẹ́ wóró 113. Èyí tí dọ́là kan dúró fún sì jẹ́ wóró 23.22. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi iye kejì pín ti ìṣáájú, yóò rí i pé dọ́là 4.86 àti díẹ̀ ni ó bá pọ́ùn kan dọ́gba. Láti ọdún 1879, nígbà tí Amẹ́ríkà tún bẹ̀rẹ̀ sí fi wúrà san owó bébà rẹ̀, títí di ọdún 1914, iye yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀.

Ní àkókò ìdúróṣinṣin yìí, ní ọdún 1912, ni ìjọba London dá Ìgbìmọ̀ Owó ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfríkà sílẹ̀, kí ó máa pèsè owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ìlànà rẹ̀ ni pé ọgbọọgba ni ṣílè tiwa àti ṣílè Gẹ̀ẹ́sì. Okùn tí a fi so owó wa mọ́ òpó ẹlòmíràn nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí òpó náà kò mì, ènìyàn díẹ̀ ni ó kíyè sí okùn náà.

Ogun ọdún 1914 ni ó mi òpó náà. Nígbà tí ó fi di oṣù Kejì ọdún 1920, pọ́ùn kan kò gbà ju nǹkan bí dọ́là 3.20 lọ. Ní ọdún 1925, Winston Churchill dá a padà sí 4.86. Ọ̀mọ̀wé J. M. Keynes kìlọ̀ pé iye náà ga jù, pé èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò wọ́n lójú àwọn àjèjì, a ó sì fẹ́ gé owó ọ̀yà àwọn awakùsà láti fi dí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí; ní oṣù Karùn-ún ọdún 1926, nítorí ọ̀yà àwọn awakùsà, ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1931, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wúrà sílẹ̀. Nígbà tí ogun mìíràn dé ní ọdún 1939, wọ́n fi iye pọ́ùn sí dọ́là 4.03. Ogun yìí jẹ ìṣúra wọn tán, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi yá dọ́là 3,750,000,000 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní ọdún 1946. Síbẹ̀ dọ́là kò tó wọn.

Nísinsin yìí a mọ ohun tí ó mú ṣílè 6 olùkọ́ náà lọ: ogun àti gbèsè ni. Ìpinnu náà kò ti Èkó wá, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ojú ní láti bá imú. Kí a má sì ṣe sọ ọ̀rọ̀ ní ìhà kan: kòkó wa tí a tà gba dọ́là mú ṣílè tí ó pọ̀ ju ti ìṣáájú wá. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó ni ó ń fi iye tí àgbẹ̀ yóò gbà lélẹ̀. Èrè náà kì í dé ọwọ́ rẹ̀ tààrà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1959, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí gbé owó tiwa jáde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1967, nígbà tí ìjọba Harold Wilson tún rẹ pọ́ùn sílẹ̀ láti dọ́là 2.80 sí 2.40, Nàìjíríà kò tẹ̀ lé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́. Pọ́ùn Nàìjíríà kan wá tó pọ́ùn Gẹ̀ẹ́sì kan àti ṣílè 3 àti kọ́bọ̀ 4. Òpó mì, ṣùgbọ́n a kò bá a mì.

Kí a má ṣe tìtorí èyí gbéra ga. Náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, méjì fún pọ́ùn kan, ẹyọ kan rẹ̀ sì ń gba ju dọ́là kan àti ààbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí owó epo já wálẹ̀, nígbà tí a sì fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, kò pẹ́ tí dọ́là kan fi ń gba ju náírà 4 lọ. Ẹni tí ó já okùn ní láti gbẹ́ ihò, kí ó sì ri òpó tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò pọ́ùn àti dọ́là, ẹ má ṣe fi í mọ sí pínpín àti ìsọdipúpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé orí owó kọ́ ni iye rẹ̀ wà. Ohun tí orílẹ̀-èdè ń ṣe, tí ó ń tà, àti gbèsè tí ó jẹ ni ó ń sọ ọ́.