Ta Ló Ń Pọnmi fún Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi?

Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ní agbo ilé wa ní Ìlà-Ọ̀ràngún, bàtà ni wọ́n ń rán jẹun, yàrá tiwọn ni wọ́n sì ń dá gbé. Ọmọ ilé ló ń pọnmi ìwẹ̀ wọn, òun náà ló ń gbé wọn dé ìdí iṣẹ́. Oúnjẹ àti aṣọ ọdún ni owó ọ̀yà rẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ohun rere ni, èmi gan-an jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bílẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ọmọ á ti lọ sílé ẹ̀kọ́, agbo ilé á sì dá wáí. Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n òun a máa retí omi ìwẹ̀ títí di ọ̀sán.

Níbòmíràn, wọ́n wá ojútùú sí irú ìṣòro yìí: lọ́dún 1988, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àpò owó kan sílẹ̀ tí àkàndá ẹ̀dá fi ń gba olùrànlọ́wọ́ tó bá wù ú sílé ara rẹ̀. Wọ́n tì í pa lọ́dún 2015, ó sì dùn mí. Òfin àkàndá ẹ̀dá tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2019 fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Mo yìn ín. Ṣùgbọ́n owó ẹni tí yóò pọnmi kò sí níbẹ̀, ó sì yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ wa máa san án.