Ifá Nínú Orúkọ Ìdílé

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ayé àtijọ́, Yorùbá kò ní orúkọ ìdílé ní irú ọ̀nà tí a gbà mọ̀ ọ́n lónìí. Ọmọ lè mú orúkọ tọ̀run wá. Àwọn òbí a fún un ní orúkọ àbísọ àti oríkì. Oríkì orílẹ̀ ni a sì fi ń mọ ìran tí ó ti sẹ̀ wá. Nígbà tí ìwé ìrìbọmi, ilé-ẹ̀kọ́ àti kóòtù dé, akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi orúkọ bàbá tàbí bàbá àgbà wọn dáhùn. Báyìí ni orúkọ àbísọ ẹnì kan ṣoṣo ṣe di ti gbogbo àtọmọdọ́mọ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí orúkọ tí a fi Ifá bẹ̀rẹ̀ fi jẹ́ ẹ̀rí ìtàn. Ilé tí ń bọ Ọ̀ṣun a sọ ọmọ ní Ọ̀ṣúnbùnmi. Ilé Ògún a sọ ọ́ ní Ògúnbùnmi. Ilé awo a sọ ọ́ ní Fábùnmi. A máa ń pa fáwẹ́lì iwájú Ifá jẹ, "Fá" a sì kù. Ifá la ọ̀nà ni Fálànà. Ifá yẹ mí ni Fáyẹmí. Ifá ní etí, tí ó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ni Fálétí. Awo àti ọ̀pẹ náà ń dúró fún Ifá. Awólọ́wọ̀ ń sọ pé awo ní ọ̀wọ̀. Ẹ ṣọ́ ohùn: ọ̀pẹ tí ń so ikin ni ó wà nínú Ọ̀pẹyẹmí, ìdúpẹ́ ni ó wà nínú Ọpẹ́yẹmí.

À ń bá orúkọ wọ̀nyí pàdé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì wọ́pọ̀ púpọ̀ ní Èkìtì àti Òndó. Síbẹ̀, a kò lè fi wọ́n ka iye àwọn tí ń bọ Ifá lónìí. Kristẹni ni Káyọ̀dé Fáyẹmí tí ó ṣe gómìnà Èkìtì. Mùsùlùmí ni Babátúndé Fáṣọlá tí ó ṣe gómìnà Èkó láti 2007 sí 2015. Ìkànìyàn 2006 ní Nàìjíríà kò béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sìn àwọn baba ńlá ni orúkọ ń jẹ́rìí sí.

Ẹ wo D. O. Fágúnwà, tí a bí ní Òkè-Igbó ní 1903. Oròwọlé ni a kọ́kọ́ ń pè é. Ẹ̀sìn Kristẹni sọ ọ́ di Daniel Ọlọ́runfẹ́mi. Orò kúrò, Ifá dúró: Fágúnwà ni orúkọ tí ó wà lára Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938.

Ìdílé mìíràn kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fábùnmi di Olúbùnmi tàbí Jésùbùnmi. Olúkúlùkù ni ó ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́; ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ti àtijọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ kò ní mọ̀ pé ilé awo ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní Bràsíìlì àti Kúbà, orúkọ àwọn òyìnbó ni a kọ sí ìwé fún àwọn tí a kó lẹ́rú; inú ìsìn òrìṣà ni orúkọ Yorùbá ti rí ibi fara pamọ́ sí. Títí di òní, ẹni tí ó bá tẹ Ifá lè gba orúkọ Ifá. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí ó fi Salvador ní Bràsíìlì ṣe ilé, di awo ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ní 1953. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Fátúmbí: Ifá tún mi bí.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣọdún, bí "Fá" bá wà nínú orúkọ yín, ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, agboolé rẹ̀, àti ohun tí Ifá ṣe tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.