Níbi Tí Koríko ti Jẹ́ Ọba

Lójú àgbẹ̀ ilẹ̀ wa, ọ̀tá oko ni koríko. Ní Iceland, erékùṣù tó wà ní àríwá Òkun Àtìláńtíìkì, koríko gan-an ni irè oko. Òtútù ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ìtàn wọn sọ pé ní nǹkan bí ọdún 874 ni Ingólfur Arnarson láti Nọ́wè tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ lé kó màlúù àti àgùntàn wá, wọ́n sì gbin ọkà báálì. Nígbà tó yá, òtútù le sí i. Kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1600, wọ́n ti pa ọkà gbígbìn tì. Kódà lóde òní, ní oṣù Keje tó móoru jù níbẹ̀, nǹkan bí dígírì 11 ni ìpíndọ́gba ooru Reykjavík. Ọyẹ́ wa kì í sábà mú tó bẹ́ẹ̀!

Koríko ló fara dà á. Wọ́n á gé e ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sá a, wọ́n á sì kó o pamọ́ de ìgbà òtútù. Nígbà ìwọ́wé, àgbẹ̀ á ka ẹran rẹ̀, á wo koríko tó wà nílẹ̀, á sì pinnu èyí tí yóò pa. Bí ó bá dá gbogbo wọn sí, ebi lè pa gbogbo wọn kí ìrúwé tó dé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1783, ilẹ̀ ya ní Laki, iná sì ń tú jáde fún oṣù mẹ́jọ. Èéfín olóró bo pápá. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àgùntàn wọn kú, àti nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ènìyàn, nínú nǹkan bí 50,000. Ebi ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn kan á ní òkè ayọnáyèéfín ló jẹ̀bi. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Òtútù ti gbé ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ wọn lé irè kan ṣoṣo, àwọn oníṣòwò Dẹ́ńmáàkì nìkan ni òfin sì gbà láyè láti bá wọn tajà, láti ọdún 1602 títí di 1787.

Lónìí, omi gbígbóná inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń mú ilé onígíláàsì móoru, tí tòmátì fi ń so níbẹ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń gbẹ orí ẹja kọ́ọ̀dù tó ń wá sí Nàìjíríà. Bóyá ẹ ti jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀ rí. Ọkà báálì pàápàá ti padà sí oko wọn, ṣùgbọ́n ẹran ni wọ́n ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bọ́.