Lantoro: Ilé Tí Wọ́n Ṣí Nítorí Ológun

Bí a bá dárúkọ Àrò nílẹ̀ Yorùbá, ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ló ń wá sí ọkàn olúkúlùkù. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ogun ló bí ilé ìwòsàn náà. Lọ́dún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń gbóná lọ́wọ́, ìjọba amúnisìn ṣí ilé ìtọ́jú kan sí Lantoro, ní Abẹ́òkúta, fún àwọn sójà tí wọ́n dá padà wálé nítorí pé ọpọlọ wọn ti dàrú. Ilé ìtọ́jú Yábà ti wà láti 1907, ṣùgbọ́n àyè kò gbà wọ́n níbẹ̀ mọ́.

Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, gba iṣẹ́ ní Àrò. Òun ló ní kí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jọ máa gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí babaláwo àti dókítà sì jọ ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ṣèwádìí lórí àrùn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí àwọn tí wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀: ará ìlú àti ará oko. Ohun tí ogun ṣe sí ẹni tó gbébọn kọ́ ni ìwádìí náà ń wá, bẹ́ẹ̀ nítorí ológun ni wọ́n fi kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn.

Ogun Abẹ́lé dé ní 1967, ó parí ní 1970. Ìjọba Gowon kéde ìlàjà, àtúnṣe àti ìmúpadàbọ̀sípò. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn arìnrìn-àjò ń rí àwọn jagunjagun Biafra tó di aláàbọ̀ ara lórí kẹ̀kẹ́ arọ ní Oji River, tí wọ́n ń tọrọ owó lẹ́bàá ọ̀nà. Egbò wọn hàn sójú. Ti inú kò hàn sí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ogun Kuwait ní 1991, àwọn sójà wọn ń ráhùn àárẹ̀, ìgbàgbé àti oríkèé ríro. Àwọn aláṣẹ kan ní àìbalẹ̀ ọkàn lásán ni. Àwọn ajagunfẹ̀yìntì kò gbà. Ẹ rántí pé olùdìbò ni wọ́n. Ilé Aṣòfin wọn ṣòfin ní 1998 pé kí ìgbìmọ̀ ìwádìí kan wà. Ìjábọ̀ tí ìgbìmọ̀ náà gbé jáde ní 2008 sọ pé àìsàn gidi ni, ó sì kan ó kéré tán ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwọn sójà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700,000. Ó tọ́ka sí oògùn apakòkòrò, àti oògùn oníhóró tí wọ́n ní kí wọ́n lò nítorí gáàsì olóró.

Láti 2009 ni àwọn ọmọ ogun tiwa ti ń bá Boko Haram jà ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn. Abala 88 Ìwé Òfin 1999 fún Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní àṣẹ láti wádìí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ná owó tí ilé náà yà sọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ ológun wà lára wọn.